Fóònù Kì í Ṣe Àpótí Ogún: Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Tẹ Fọ́tò Dúdú àti Funfun Nílé Ara Wa

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ wà ní Woolwich, Thamesmead, Plumstead, Abbey Wood àti káàkiri ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ bá yín sọ, n kò sì ní sọ ọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Bí a bá wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn la ó kọ́kọ́ rí lára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè fọ́tò bàbá tó bí onílé. Ìgbà yẹn ni onílé á fa fóònù yọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gbá a sókè, á gbá a sísàlẹ̀, á kọjá fọ́tò ìrẹsì, á kọjá fọ́tò bàtà tó fẹ́ rà, á kọjá àwàdà orí WhatsApp, títí ara àlejò á fi sú, tí yóò ní, "Ẹ fi sílẹ̀, ẹ ó fi hàn mí nígbà mìíràn." Ṣé bí a ti ń fi ojú bàbá ẹni han àlejò nìyẹn?

Ẹjọ́ tí mo gbé wá síwájú yín rèé: kí gbogbo ìdílé Yorùbá tó wà nílẹ̀ yìí kọ́ bí a ti ń tẹ fọ́tò sórí pépà nínú ilé ara wọn, kí wọ́n sì fi fọ́tò dúdú àti funfun bẹ̀rẹ̀. N kò ní kí a pa fóònù tì. N kò ní kí a padà sí ayé Nóà. Ohun tí mo ní ni pé fóònù kì í ṣe àpótí ogún. Ẹni tó bá kó ogún ọmọ rẹ̀ sínú ohun tí olè lè yọ lápò rẹ̀ ní Powis Street láàrin ìṣẹ́jú kan, onítọ̀hún kò tíì fi nǹkan kan pamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ ojú omi Woolwich ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1889 ni ọkọ̀ yìí ti ń gbé ènìyàn àti ẹrù sọdá odò Thames láàrin Woolwich àti North Woolwich lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkọ̀ mẹ́ta tí àwọn tó tètè dé nínú wa wọ̀, John Burns, Ernest Bevin àti James Newman, ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2018, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ben Woollacott àti Dame Vera Lynn tó rọ́pò wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019. Mélòó nínú àwọn àgbà wa ló dúró lórí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, tó wọ kóòtù tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tó ya fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sílé kí ìyá rẹ̀ lè rí i pé òtútù kò tíì pa ọmọ òun? Fọ́tò orí pépà ni. Ó wọ inú àpò ìwé, ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ọkọ̀ ti lọ, fọ́tò ṣì wà. Àwa tí a ń wọ ọkọ̀ tuntun lónìí, ojoojúmọ́ la ń ya fọ́tò lórí rẹ̀. Èwo nínú wọn ló dé ara ògiri ẹnikẹ́ni?

Bẹ́ẹ̀ náà ni Thamesmead. Ọdún 1968 ni àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ kó débẹ̀. Tavy Bridge, tí àwọn tó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ ti ń ra oúnjẹ, wọ́n ti wó o. Ibi tí a ti tọ́ ọmọ ń yí padà lójú wa. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀; ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń dÍfá ọrọọrún.

Àwọn kan á dá mi lóhùn pé, "Fọ́tò tèmi kò sí nínú fóònù nìkan, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀." Ẹ gbọ́ ná. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Myspace jẹ́wọ́ pé fọ́tò, fídíò àti orin tí àwọn ènìyàn ti kó síbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lè ti sọnù nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2021, Google fòpin sí ààyè ọ̀fẹ́ aláìlópin tó ti là sílẹ̀ fún fọ́tò. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́. N kò bá wọn jà. Ilé onílé ni, ayálégbé la jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń sin òkú bàbá rẹ̀ sínú ilé tó yá gbé?

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ikú fúnra rẹ̀. Bí ìyá bá kú lójijì, tí kò sì sọ nọ́ńbà tó fi ti fóònù rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo fọ́tò ogún ọdún á há sínú dígí pẹlẹbẹ kan. Àwọn ọmọ á wá máa pe ọ̀rẹ́ ìyá wọn kiri pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní fọ́tò màmá wa kan tí a lè fi ṣe ìwé ìsìnkú?" Èyí tí wọ́n á rí gbà ni èyí tí WhatsApp ti fún lọ́rùn títí ó fi kéré, tí ojú ìyá ti ṣú bàìbàì. Ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin wa, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tí ojú àwọn ará Karibíánì rí. Ní ọdún 2010, ìjọba run àwọn káàdì tí wọ́n fi kọ orúkọ àwọn àgbà wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ sí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tú síta ní ọdún 2018, àwọn tó ti lo àádọ́ta ọdún níhìn-ín ń wá ẹ̀rí kiri bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú òkun. N kò sọ pé fọ́tò ló ń gba ìwé ìgbélùú fún ènìyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ọ́fíìsì tó ń bá ẹnikẹ́ni tọ́jú ìtàn ìdílé rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Bí a kò bá sì tọ́jú àwòrán ara wa, ẹlòmíràn á bá wa yà á. Ní ọdún 1971 ni fíìmù Stanley Kubrick tí a ń pè ní A Clockwork Orange jáde. Thamesmead ni wọ́n ti ya apá kan rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò dé Thamesmead rí ló gbà pé ìlú kọnkéré àti ìpáǹle ni. Wọn kò rí ìyá tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọn kò rí ìkómọjáde, wọn kò rí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ òfì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, wọn kò rí bàbá tó ń kọ́ ọmọ ní kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá adágún Southmere. Àwa la rí i. Fọ́tò rẹ̀ dà? Níbo la gbé e kọ́ sí?

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe ohun tuntun la ń kọ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ fọ́tò dúdú àti funfun ti di ti Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1978, ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa iṣẹ́ àwọn fọtogiráfà wa, pàápàá àwọn ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe nípa ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á sì tẹ ojú kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí ó lè rí bí ẹni pé Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á ya èyí tó kù nínú aṣọ tirẹ̀, wọ́n á tún yà á nínú aṣọ ti èkejì. Fọ́tò náà ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe láyé àtijọ́. Ẹ kíyè sí i: inú kámẹ́rà kọ́ ni Kẹ́hìndé ti padà wálé. Ibi ìtẹ̀fọ́tò ni, nínú yàrá òkùnkùn, lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí a ti ń bo apá kan pépà kí ìmọ́lẹ̀ má bàa kàn án. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ni ọgbọ́n.

Ẹ wo J.D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní ọdún 1930, tó sì kú ní 2014. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ìlú Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́ dé ojú àmì. Ní ọdún 1954, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba níbẹ̀ ni iṣẹ́ yàrá òkùnkùn, ibi tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun tí àwọn obìnrin dì, ṣùkú, kíkó àti oríṣiríṣi mìíràn, tí ó fi ya bí ẹgbẹ̀rún kan. Dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ fóònù ló kó wọn sí ni, kí ni à bá máa wò lónìí? Ní Pọ̀tónófò, Joseph Moïse Agbodjelou fi fọ́tò dúdú àti funfun pa ojú àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ́. Níhìn-ín gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù, Rotimi Fani-Kayode, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Èkó ní 1955, ṣe iṣẹ́ dúdú àti funfun tí gbogbo ayé fi ń kọ́ṣẹ́ títí di òní, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Autograph sílẹ̀ ní 1988, ọdún kan kí ó tó kú. Àwọn ti ṣe tiwọn. Àwa tí ẹ̀rọ wà lórí tábìlì fún, kí ni àwáwí wa?

Mo ti gbọ́ èsì àwọn àgbà kan. Wọ́n ní fọ́tò dúdú àti funfun, fọ́tò òkú ni, pé kí n má ba ilé àwọn jẹ́. Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé ìsìnkú òde òní, àwọ̀ mèremère ló kún inú rẹ̀ láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Àwọn òbí wa tí wọ́n ṣègbéyàwó ní 1962, dúdú àti funfun ni fọ́tò wọn. Ṣé òkú ni wọ́n lọ́jọ́ náà ni? Ohun tó kan òkú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni pé fọ́tò aláwọ̀ tí a yà ní àwọn ọdún 1970 àti 1980 ló ń kú nínú álúbọ́ọ̀mù wa. Ẹ ṣí i, ẹ wò ó. Ó ti pọ́n, ó ti ràn bí ẹni pé wọ́n da epo sí i, nítorí àwọ̀ tí wọ́n fi ṣe é kì í tọ́jọ́. Èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun, tí bàbá yà ní 1955, fàdákà ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń wò wá lójú kedere.

Àwọn mìíràn ní, "Ilé ìtẹ̀fọ́tò wà káàkiri, kí ni mo fẹ́ fi wàhálà ṣe?" Èmi fúnra mi gbé fọ́tò ìyá mi lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, n kò ní dárúkọ wọn. Adúmáadán ni ìyá mi, gèlè tó wé lọ́jọ́ náà sì dúdú bí aró. Ohun tí wọ́n gbé fún mi, ojú àti gèlè ti di ọ̀kan bí èédú, eyín nìkan ló ń hàn. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní bí ẹ̀rọ ti yàn án nìyẹn.

Ẹ̀rọ kì í dá nǹkan yàn. Ènìyàn ló ń kọ́ ọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò kí wọ́n lè fi díwọ̀n àwọ̀, àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀. "Shirley" ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ojú òyìnbó ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá bá a mu, kí ó lọ wábi gbà. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó ṣe káàdì tí àwọn obìnrin aláwọ̀ oríṣiríṣi jọ wà lórí rẹ̀. Ní ọdún 2021, Google ṣì ń polówó fóònù Pixel 6 pé ó lè ya awọ ara dúdú bó ti yẹ. Bí ó bá gbà wọ́n títí di ìgbà yẹn kí wọ́n tó máa fi èyí yangàn, ṣé ẹ̀rọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìtajà ni yóò mọ ojú ìyá mi? Ọmọ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ ni kí ó tẹ̀ ẹ́.

Ó yá, báwo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Kò le tó bí ẹ ti rò. Ẹni tó lè fi fóònù sanwó gáàsì lè ṣe é.

Èkíní, ẹ kó fọ́tò àtijọ́ jọ, kí ẹ fi ẹ̀rọ skánà kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ má fi fóònù ya fọ́tò lórí fọ́tò bí ẹ bá lè rí skánà, nítorí iná yàrá á máa kọ mànà lórí rẹ̀. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé pépà ń fẹ́ píksẹ́lì 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan kí ojú tó mọ́. Fọ́tò kékeré tó jẹ́ íǹṣì 3 sí 2, bí ẹ bá fi 600 skáànù rẹ̀, ẹ ó rí píksẹ́lì 1800 sí 1200, èyí tó tó fún fọ́tò íǹṣì 6 sí 4. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó fẹ̀ tó pépà A4, 1200 ni kí ẹ fi skáànù rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n yín ní Ìbàdàn bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ ní kí ó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, kí ó má fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, kí ó má bàa rù lójú ọ̀nà.

Èkejì, bí fọ́tò bá jẹ́ aláwọ̀, ẹ má kàn tẹ bọ́tìnnì tó ń sọ ọ́ di dúdú àti funfun kí ẹ sì máa lọ. Ibi tí wọ́n ti ń pa adúmáadán lára nìyẹn. Awọ ara wa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà ju búlúù lọ. Nítorí náà, nínú ètò ìtúnfọ́tòṣe, ẹ wá ibi tí a ti ń díwọ̀n àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé pupa àti òféèfèé sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i tí ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ á jáde, tí ilà ojú bàbá á hàn. Bí ìyá bá wọ àdìrẹ, ẹ fa búlúù wálẹ̀, aró á jinlẹ̀, ọnà ara aṣọ á sì yọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bí ẹ bá gbé pupa sókè jù, iyùn ọrùn á di bí eyín, ojú á sì di ti ẹni tó bóra. Èyí tó ti pọ́n nítorí ọjọ́ orí, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀: ẹ wo pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú èyí tí ojú ṣì kù nínú rẹ̀ jùlọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé. Báyìí la ṣe ń gba fọ́tò aláwọ̀ tó ń kú sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ní yíǹkì mẹ́rin, ó ń po àwọn àwọ̀ yòókù pọ̀ kí ó tó rí àwọ̀ eérú. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi máa ń jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ osùn díẹ̀, tí yóò rí báyìí lójú ọ̀sán, tí yóò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ iná. Bí ẹ bá ní kí ó lo dúdú nìkan, á jáde bí ẹni pé wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lójú. Ẹ̀rọ tó ní yíǹkì eérú tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí ẹ wá. Epson àti Canon ti ṣe irú rẹ̀, òmíràn sì ní ètò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dúdú àti funfun. Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ kò ní èyí tó dára jù kí ẹ má bẹ̀rẹ̀. Graham Nash, olórin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ tẹ àwọn fọ́tò dúdú àti funfun rẹ̀ tí nẹ́gátíìfù wọn ti sọnù. Ẹ̀rọ Iris, tí wọn kò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá, ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tún ṣe títí ó fi gbà, wọ́n sì ṣí ilé ìtẹ̀fọ́tò ní Califọ́níà ní 1991. Ẹ̀rọ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lónìí. Àwa náà, nẹ́gátíìfù ìdílé wa ti sọnù ní Muṣin àti ní Sùúrùlérè. Ọ̀nà kan kò wọjà.

Ẹ̀kẹrin ni pépà. Pépà ìkọ̀wé lásán ń fa yíǹkì mu, dúdú á sì di eérú. Pépà fọ́tò ni kí ẹ rà, kí ẹ sì sọ irú èyí tí ẹ fi sínú ẹ̀rọ fún kọ̀ǹpútà, nítorí bí ẹ bá parọ́ fún un, òun náà á parọ́ fún yín. Ẹ dín iná ojú kọ̀ǹpútà kù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ojú kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde, pépà kì í tàn, ìdí nìyẹn tí ohun tó mọ́lẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà fi ń ṣú lórí pépà. Kí ẹ tó tẹ fọ́tò ńlá, ẹ tẹ ojú nìkan ní kékeré, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lórí pépà kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ wo èyí tó jọ ènìyàn yín. Kí ẹ tó fi fọ́tò sínú férémù, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan, kí ẹ má sì gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ti ń ràn án lójú.

Ẹ̀karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ, oríkì, agbo ilé, ìlú, ọdún, àti ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́. Bí ẹ̀yìn pépà bá ń yọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kí ẹ fi há ẹ̀yìn férémù. Kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i, kí ọmọ tí a bí ní Woolwich lè pe Àjọkẹ́ kí ó dún bí Àjọkẹ́. Fọ́tò tí kò ní orúkọ lẹ́yìn, ọmọ òrukàn ni. Láàrin ìran méjì, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tó bí i.

Mo mọ ohun tó kù tí ẹ fẹ́ sọ: owó. Òótọ́ ni, yíǹkì wọ́n. Ẹ̀rọ tó dára wọ́n pẹ̀lú, bí a kò bá sì lò ó fún ìgbà pípẹ́, yíǹkì á gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Yorùbá tó mọ àjọ àti èésú kò yẹ kí ó sọ pé owó ni ìṣòro. Kí ìdílé márùn-ún dáwó jọ ra ẹ̀rọ kan, kí ó máa wà nílé ẹni tó ní ààyè, kí wọ́n sì máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀nu ẹ̀rọ kò ní gbẹ, ẹnu àwọn àgbà náà kò ní gbẹ, nítorí fọ́tò tó bá ń jáde ni ìtàn ń tẹ̀ lé. Owó aṣọ ẹbí ìnáwó kan ṣoṣo, tí a ó wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a ó kó sínú àpótí, ìdílé márùn-ún lè fi ra ẹ̀rọ kí wọ́n sì tún ṣẹ́ kù ra pépà.

N kò sì ní yọ ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Ọdọọdún là ń ṣe àjọ̀dún, ọdọọdún là ń gba oníkámẹ́rà. Kí ló dé tí a kò ní àpótí kan ṣoṣo tí fọ́tò àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀ lórí pépà, pẹ̀lú orúkọ wọn lẹ́yìn? Kí àwọn olóyè ẹgbẹ́ dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ yìí kò gba kí a yan ìgbìmọ̀. Ẹ̀rọ kan, tábìlì kan àti ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù ló gbà.

Ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ níhìn-ín, wọ́n ń kọ́ ọ ní orúkọ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán wọn. Ó mọ imú Henry Kẹjọ. Imú bàbá bàbá rẹ̀ tó jogún, kò mọ ibi tó ti wá. Bí ó bá ń jáde lọ láàárọ̀, tí ó sì ń kọjá níwájú obìnrin kan tó wé gèlè, tó ń wò ó láti ara ògiri, ọjọ́ kan á pé tí yóò béèrè pé, "Mọ́mì, ta nìyí?" Ìbéèrè yẹn nìkan tó owó yíǹkì. Níbẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ oríkì, níbẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ èdè. Odò kì í ṣàn kí ó gbàgbé orísun rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti fi orísun náà han ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, kí oṣù yìí tó parí, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ má mú ogún, ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ tún un ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní méjì, ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn, ẹ gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri, kí ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sílé. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ohun tí mo sọ, kí ó kọ èsì tirẹ̀ sínú ìwé yìí, a ó jọ kà á. Ṣùgbọ́n kí ó tó mú gègé, kí ó kọ́kọ́ lọ wo ara ògiri ilé rẹ̀.

Ire o.